ÌKA KÒ DỌ́GBA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì sábà máa ń fi í ṣàlàyé ìdí tí olówó fi wà tí tálákà náà fi wà. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ìka ọwọ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìka tí a fi ń tẹ èdè Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa sípíríǹgì kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sípíríǹgì? Ṣé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn? Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ mi ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àárẹ̀ ìka wà lára ohun tó ń já àmì bọ́ lórí iṣẹ́ wa, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí ohun tí ìka rẹ̀ ń tẹ̀ ṣe wúwo tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sí Òjòkú, ìlú wa nítòsí Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Mo gba ohùn ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, sílẹ̀ sínú fóònù, nítorí pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn àgbà obìnrin wa ṣe ń fi ẹ̀ka-èdè Ìbọ̀lọ́ sọ ìtàn ìgbà èwe wọn. Ọ̀sán ni mo ń gba ohùn, alẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan ni mo ń lò, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ le koko. Bí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀, mo ní láti tẹ o, kí n tẹ àmì abẹ́, kí n tún tẹ àmì ohùn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí àbúrò mi ka iṣẹ́ náà sí ìyá àgbà létí, kí wọ́n lè sọ bóyá mo kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ojú ìwé kìíní dùn mọ́ wọn. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tí ó di ojú ìwé kọkànlá, àbúrò mi kà á jáde pé, “Mo sì ra ọkọ tuntun fún ìyá rẹ.” Ìyá àgbà fò dìde. “Àdùkẹ́! Èmi ni mo ra ọkọ fún ìyá rẹ? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ọkọ? Ọkọ́ ni mo wí, ọkọ́ tí a fi ń roko!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí gidigidi. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mo pe ara mi.

Lóru ọjọ́ náà, mo yẹ gbogbo iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Lójú ìwé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmì pé pérépéré. Bí alẹ́ ti ń jìn ni àmì ń dín kù. Àmì ohùn ló kọ́kọ́ ń sá lọ, lẹ́yìn náà àmì abẹ́. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú lọ́jọ́ kejì tí mo jókòó tuntun, gbogbo wọn á tún padà wá. Kì í ṣe pé n kò mọ ibi tí àmì yẹ kó wà. Ìka ló rẹ̀ mí. Mo wá bi ara mi pé: iṣẹ́ mélòó ni a ti fẹ̀sùn àìmọ̀kan kàn nítorí àmì, tó jẹ́ pé àárẹ̀ ló ṣe é?

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, “ọ̀pọ̀lọpọ̀”. Lẹ́tà méje ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló gba àmì abẹ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ló sì tún gba àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà lọ́tọ̀, tó ń tẹ àmì abẹ́ lọ́tọ̀, tó tún ń tẹ àmì ohùn lọ́tọ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà 14 kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ẹni tó ń tẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ ohun kan náà pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin.

Wàyí o, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ kí ó tó jẹ́. Bí bọ́tìnnì bá gba 60 gíráàmù, “ọ̀pọ̀lọpọ̀” yóò gba 840 gíráàmù lọ́wọ́ ìka wa bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ bá ní bọ́tìnnì tirẹ̀, tí a kò sì ní láti tẹ àmì abẹ́ lọ́tọ̀ mọ́, ìtẹ̀ 14 yóò di 10. Bí a bá tún fi sípíríǹgì 45 gíráàmù rọ́pò ti 60, gbogbo rẹ̀ yóò di 450. Ó ju ìdajì lọ díẹ̀ péré! Ọ̀rọ̀ kan nìyẹn o. Ẹ wo ojú ìwé 60.

IBI TÍ ÌṢÒRO NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1874 ni ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà gbé taipuráítà Sholes àti Glidden jáde fún títà. Láti ara rẹ̀ ni ètò lẹ́tà tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù wa lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1875, ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò mọ ara wọn! Àwọn tó ń to bọ́tìnnì kò ro ti Yorùbá, àwọn tó ń to Yorùbá kò sì ro ti bọ́tìnnì. Láti ìgbà náà la ti tún àkọtọ́ wa ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lé e lórí ní 1965, ìgbìmọ̀ jókòó lé e ní 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì wà níbi tí Sholes fi í sí.

Àwọn akọ̀wé ayé taipuráítà mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Wọ́n máa ń tẹ bọ́tìnnì tí kì í sún bébà síwájú láti fi àmì ohùn sílẹ̀, kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi pẹ́ẹ̀nì kán àmì abẹ́ sí i bí bébà bá ti jáde. Lórí kọ̀ǹpútà, àmì tí a fi pẹ́ẹ̀nì kán sórí bébà kò wọ inú ẹ̀rọ. Bí a bá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, láìní àmì ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, Yorùbá sábà máa ń gba ìtẹ̀ tó pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Mo kí àwọn tó ti ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ Lancor ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin, tó ní bọ́tìnnì ìyípadà mìíràn kún ti àtẹ̀yìnwá nítorí àwọn èdè Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Alt-I ti Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá ní Ìbàdàn ṣe tiwọn, YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì gbé ètò ìtẹ̀ Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́tà wà ni gbogbo wọn ń tún ṣe. Bí lẹ́tà ṣe wúwo lábẹ́ ìka kù sọ́wọ́ àwa tí a ń tẹ̀ ẹ́.

INÚ BỌ́TÌNNÌ

Ẹ jẹ́ kí a ṣí i wò. Kíbọ́ọ̀dù tó wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà ní sípíríǹgì. Rọ́bà ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, a kò sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n irú kíbọ́ọ̀dù kan wà tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ló gbé irú èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní MX, jáde láàárín ọdún 1980 sí 1989. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà bíi Gateron àti Kailh ń ṣe irú rẹ̀. Nínú súìṣì kan, ilé òkè wà, ilé ìsàlẹ̀ wà, ọ̀pá kékeré tó ń lọ sókè-sódò wà, irin pẹlẹbẹ tó ń fọwọ́ kan ara wọn wà, sípíríǹgì sì wà. Ìrìn ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4; bó bá rin nǹkan bíi 2, lẹ́tà ti wọlé.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ń lọ geere láìkọsẹ̀. Ọ̀kan ní kókó díẹ̀ lọ́nà, tí ìka ń mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé. Ẹ̀kẹta ní kókó, ó sì tún ń dún. MX pupa àti dúdú jẹ́ ti ìkíní. Pupa gba 45 gíráàmù, dúdú gba 60. Sípíríǹgì wọn ló mú kí wọ́n yàtọ̀. Búráùn jẹ́ ti ìkejì, búlúù ti ìkẹta. Ẹni tó ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ra aláriwo, bí kò bá fẹ́ kí ẹnikejì rẹ̀ lé e jáde lóru. Ní tèmi, alákòókó ni mo yàn fún iṣẹ́ Yorùbá. Ìka tó mọ̀ pé àmì ti wọlé kò ní láti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀.

ÀṢÌṢE TÈMI ÀTI OHUN TÍ MO KỌ́

Nígbà tí mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀, mo fẹ́ tún kíbọ́ọ̀dù mi ṣe. Ẹnìkan ní kí n gé sípíríǹgì kúrú, pé yóò rọ̀. Mo gé mẹ́ta. Bọ́tìnnì náà kò padà sókè dáadáa mọ́, agbára tó ń gbà sì ń yára pọ̀ sí i bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀kọ́ físíìsì tí mo sá fún ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló dé bá mi yìí: sípíríǹgì tí a gé kúrú máa ń le sí i ni, nítorí pé agbára kan náà kò ní í fún un wọlé tó bí ó ti ń fún èyí tó gùn. Ẹ má gé e o. Ẹ ra èyí tó fúyẹ́.

Nígbà tí mo ra sípíríǹgì tuntun, mo tún ṣe àṣejù: mo fi èyí tó fúyẹ́ jù lọ sí abẹ́ gbogbo bọ́tìnnì. Bí mo bá sinmi ọwọ́ láti ronú, ìka kékeré mi á tẹ a láìmọ̀, ìlà kan á sì kún fún a, a, a. Ohun tó le jù ń dá ìka lágara. Ohun tó fúyẹ́ jù ń purọ́ mọ́ ìka. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì la ń wá.

Báwo la ṣe lè mọ ìwọ̀n láìní òṣùwọ̀n olówó gọbọi? Ọgbọ́n tí mo dá nìyí. Mo yọ súìṣì kúrò lára kíbọ́ọ̀dù pátápátá, mo gbé ife fífúyẹ́ lé e lórí, mo sì fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán omi sí i díẹ̀díẹ̀. Mìlílítà omi kan jẹ́ gíráàmù kan. Ìgbà tí ọ̀pá bá kanlẹ̀, mo ka iye omi, mo sì ro ìwọ̀n ife mọ́ ọn. Ẹ rántí pé ìwọ̀n tí bọ́tìnnì fi kanlẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí lẹ́tà fi wọlé lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta sípíríǹgì lọ́tọ̀ ń kọ ti ìkanlẹ̀ sára ọjà wọn, nígbà tí ilé iṣẹ́ Cherry ń kọ ti ìwọlé. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Níbí ni òwe wa ti wúlò. Ìka kò dọ́gba. Kí ló dé tí gbogbo sípíríǹgì fi dọ́gba? Ilé iṣẹ́ Topre ti Jàpáànù ti mọ èyí tipẹ́. Nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù Realforce wọn, irú kan wà tí bọ́tìnnì ìka kékeré gba 30 gíráàmù, tí ọ̀pọ̀ ìyókù sì gba 45. Àwa Yorùbá nílò irú ọgbọ́n yìí ju ẹlòmíràn lọ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà márùn-ún wà lórí kíbọ́ọ̀dù tí Yorùbá kò lò: c, q, v, x àti z. Ohun márùn-ún sì wà tí Yorùbá nílò tí kò sí níbẹ̀: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún fún márùn-ún! Mo fi ètò kan tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tò wọ́n sí ibẹ̀. V di àmì òkè, c di àmì ìsàlẹ̀, x di ọ, z di ẹ, q di ṣ. Bí mo bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ láti yí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọwọ́ òsì ni gbogbo lẹ́tà márùn-ún wà. Ìka kékeré ọwọ́ òsì ló ń tẹ q àti z, òun náà ló tún ń tẹ a, tí Yorùbá kò lè ṣe aláìlò. Ìka tó lẹ jù lọ ló wá ń ru ẹrù mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi fi àmì ohùn sí abẹ́ ìka tó lágbára, tí mo sì fi sípíríǹgì tó fúyẹ́ sí abẹ́ a, q àti z nìkan. Àwọn ìyókù wà ní ìwọ̀n àárín. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fi gíríìsì díẹ̀ pa ọ̀pá wọn kí wọ́n má baà máa ha. Òróró ìdáná kọ́ o, nítorí pé yóò dì. Atúnrédíòṣe kan ló bá mi yọ́ òjé ìdí súìṣì. Ẹni tó bá ra irú èyí tí a lè fa súìṣì rẹ̀ yọ bí gílóòbù kò tilẹ̀ nílò ìyẹn.

ÀWỌN TÍ YÓÒ TA KÒ MÍ

Ẹnìkan lè sọ pé Fágúnwà kò lo sípíríǹgì kankan kó tó kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1938. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, òǹkọ̀wé ń kọ, atẹ̀wé ń tẹ̀, ẹni tó ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé sì ń fi lẹ́tà alámì tò ó. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lóru, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Ẹlòmíràn lè ní ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ọmọ olówó ni. Òun náà kò parọ́ pátápátá: mo ti rí ẹni tó ra bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère tí kò lè tẹ ìlà kan pẹ̀lú àmì. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnìkan ń fi aago ṣoge, ṣé kí àwa má wo aago mọ́ ni? Ẹni tí kò lówó sípíríǹgì lè to lẹ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, apá kan nínú ẹrù á ti kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìwà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àyàn kì í gba dùndún kó máa lù ú láìkọ́kọ́ fọwọ́ fa ọ̀ṣán rẹ̀ wò bóyá ó le tàbí ó dẹ̀, nítorí pé ibi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń jáde nìyẹn. Àwa tí a ń fi bọ́tìnnì sọ ohùn kan náà, kí ló dé tí a ń gba ohun tí àlejò fún wa, tí a ń lò ó bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka wa ra kíbọ́ọ̀dù bíi mélòó kan tí a lè tún ṣe, kí a kó wọn sí iyàrá kan fún àwọn tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Ìkejì, kí a kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní títẹ Yorùbá, bí a ti ń kọ́ wọn ní àkọtọ́. Ìkẹta, ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí a bá ti ṣe méjì àkọ́kọ́, kí ẹ má gba iṣẹ́ tí kò ní àmì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. A kò ní ní àwáwí kankan.

Kí n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo tún iṣẹ́ náà tẹ̀, àbúrò mi sì tún kà á. Nígbà tí ó dé ojú ìwé kọkànlá, ọkọ́ wà níbẹ̀, ìyá àgbà sì dákẹ́. Mo wá fi kíbọ́ọ̀dù hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe sí i. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan wò. Wọ́n ní, “Ọkọ́ tí mo ra fún ìyá rẹ náà, mo gé igi rẹ̀ kúrú kí n tó fún un. Ọkọ́ tí igi rẹ̀ kò bá ọwọ́ mu, oko kì í tán.”

Oko tiwa rèé. Ẹ jẹ́ kí a gé igi ọkọ́ bá ọwọ́ wa. Ire o.